Irọ́ ni pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń kó àrùn ran ẹni mẹ́ta

Látìgbà kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu ará Ìbàdàn: ẹnì kan á kó o ran mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni pé R0 àrùn kan (iye ẹni tí aláìsàn kan máa ń kó o ràn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní ààbò) lè jẹ́ 3, àmọ́ ìpíndọ́gba lásán nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tú àkọsílẹ̀ SARS, àrùn èémí tó jẹ́ ìbátan kòrónà, ti ọdún 2003 ní Singapore wò, àwọn aláìsàn díẹ̀ ló kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ. Òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní k. Bó bá ṣe kéré tó ni àìdọ́gba iye ẹni tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń kó o ràn ṣe ń pọ̀ tó. Ti SARS yẹn jẹ́ 0.16. Ẹ fi pín R0 3, ẹ fi 1 kún un, ó di 19.75, ẹ gbé e sí agbára −0.16, ẹ ó rí 0.62. Nínú aláìsàn 100, 62 ò ní ran ẹnikẹ́ni. Ká ní gbogbo wọn rí bákan náà ni, bíi 5 péré ni.

Ẹ tún mú 100 èèyàn (àpẹẹrẹ ni o). 90 ń pàdé ẹni 5 lóòjọ́. 10 yòókù, awakọ̀ mícrà àtàwọn ìyá alátà Bódìjà, ń pàdé 60. Ìpíndọ́gba jẹ́ 10.5, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Ẹni tó ń pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tètè kó àrùn, òun náà ló tún ń fọ́n ọn ká. Nítorí náà, ẹ fi iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 100 ń pàdé lọ́po ara rẹ̀ kí ẹ tó ro ó pọ̀: 38,250. Ẹ fi àpapọ̀ ìpàdé, 1,050, pín in: 36.4. Òun ló yẹ ká lò dípò 10.5, òun ni R0 ń bá gòkè, tó sì ń bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ fún ẹni 10 tí ẹ kàn ṣà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dáàbò boni pátápátá, R0 á fi ìdá mẹ́wàá kan péré dín kù. Ẹ fún àwọn 10 wọ̀nyẹn, 36.4 á já sí 2.1.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n? Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta, Cohen, Havlin àti ben-Avraham, dá ọgbọ́n kan: ẹ mú ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó dárúkọ ẹnì kan tó ń bá pàdé, ẹni tó dárúkọ yẹn lẹ ó fún lábẹ́rẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìgbà 57 nínú 100 ni ẹ ó fi bá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá pàdé, dípò ìgbà 10. Ẹ má béèrè ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ o, ará ilé ni wọn ó dárúkọ. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n bá pàdé lánàá.

Gbogbo èyí gbà pé ìpàdé ò ṣa ẹnikẹ́ni, pé ẹnikẹ́ni lè pàdé ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn mẹ́wàá yẹn ò pàdé ẹlòmíì ju ara wọn lọ, 36.4 á gòkè dé 60 láàárín wọn, àwọn 90 á sì wà lórí 5.