Ta ló gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà lára ògiri yẹn?

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí ẹ ò bá tíì dé ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ládùúgbò wa, ẹ yáa lọ. Ó dára. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣílẹ̀kùn fún tẹrú-tọmọ, a rìn láti agboolé dé agboolé, èrò rẹpẹtẹ. Wọ́n gbé àwòrán kọ́ sára àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ tí ògiri wọn ti ń bó. Àwọn ọlọ́kadà ń wòran láìsọ̀kalẹ̀. Ọmọ kékeré kan ń ṣe atọ́nà fún àwọn òyìnbó, ó sì ń pa ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún wọn. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an.

Ilé tuntun yẹn la parí rẹ̀ sí. Ohun tó kọ́kọ́ kọjú sí wa ni ìbòjú kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi kẹ́ẹ̀gì epo kpayo, epo fàyàwọ́, ṣe: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu èèyàn, ibi tí wọ́n fi ń gbé e di imú. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí ayé ń wá wò. Òun ló gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel, Jámánì, ní 2007. Àwọn ọ̀dọ́ ń tọ ipa ẹ̀, kò burú. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe ìbòjú náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọdún tó ṣe é, ìlú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ gbọọrọ lórí ohun tó ní lọ́kàn.

Ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ onígi ló wà lára ògiri kejì. Ìyá kan jókòó sórí rẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Ihò tí okùn ń gbà kọjá ṣì wà lábẹ́ apá ìyá náà, torí ère tó ń mira ni: bí oníjó bá fa okùn, apá á máa lọ sókè-sódò. Ẹfun ti ṣí lójú ẹ̀. Etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ti ń dán níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Mo dúró tì í títí. Mo wá ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: Yorùbá-Nàgó, Kétu, igi, àti iye owó rẹ̀ ní sẹ́fà. Ó parí.

Mo bi ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Tàntí, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn." Ọmọ dáadáa ni, ẹjọ́ ẹ̀ kọ́. Bàbá kan tó wá láti Kétu ló dá sí i: "Ilé kan ló ń gbẹ́ ìpéǹpéjú báun. Ká ní wọ́n bi wá ni, à bá ti sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣèwádìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére bíi Dúgà ti Ìmẹ̀kọ sílẹ̀, àti ti Fágbìté Àṣàmú ará Ìdáhìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Fálọlá Ẹdun. Nígbà tí 26 ohun ìṣúra Àgbómẹ̀ ti Faransé padà dé ní 2021, orúkọ Sossa Dede tó gbẹ́ ère ọba Béhanzin bá wọn dé. Ogun kó ère yẹn lọ fún nǹkan bí 130 ọdún, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ò nù. Kétu tí èèyàn lè wọ takisí lọ kó sì bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú lorúkọ wá sọnù sí? Àwa náà la sì ń yangàn láti 2001 pé Unesco ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa mọ́ àwọn ogún àṣà àgbáyé.

Ẹnì kan ní ohun awo ni, pé ẹgbẹ́ ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í ṣe agbẹ́gilére, pé Ìyálásè, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo gbà pé awo ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí awo ò jẹ́ ká dárúkọ ẹni tó ṣe é, báwo ló ṣe wá jẹ́ ká fowó lé e?

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ni ilé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí hàn án. Nọ́ńbà bàbá Kétu wà lọ́wọ́ mi.