Owó bodè 70% lórí ìrẹsì: ta ló ń jẹ ẹ́?

Akàwé Bodè: Ariwo ti pọ̀ jù pé kí ìjọba wọ́gi lé owó bodè ìrẹsì òkèèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ná. Owó bodè fúnra rẹ̀ 10%, àfikún 60%. Orí iye ọjà, owó ọkọ̀ òkun àti ìnṣọ́ránsì la ti ń gbà á. Ká ní tọ́ọ̀nù kan dé Àpápá ní dọ́là 500, dọ́là 350 nìjọba máa gbà. Ogún àpò oní-kílò 50 ló wà nínú tọ́ọ̀nù. Àpò tó jẹ́ dọ́là 25 ti di 42.50 kí tírélà tó gbé e.

Ọmọ Ìdí-Ìrókò: Ìṣirò yín péye, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ dọ́là 17.50 orí àpò kan yẹn gan-an lowó iṣẹ́ onífàyàwọ́! Lọ́dún 2013 tí wọ́n gbé e dé 110%, Kútọnu ni ọkọ̀ ń yà sí. Ìrẹsì funfun lásán làwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ń jẹ jù. Èyí tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó bó, ta ni wọ́n ń kó o wá fún bí kì í bá ṣe wa? Ọdún kejì ni wọ́n rọra fà á wálẹ̀ sí 70% fún oníṣòwò.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀: Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti pa wá nìyẹn. Ìjọba Íńdíà ń kéde iye tí wọ́n máa fi ra ìrẹsì kí àgbẹ̀ tó kórè, wọ́n tún ń gbé lára owó ajílẹ̀. Ta ló ń gbé tiwa?

Ìyá Alápò: Ẹ má bínú o, owó bodè ò lè ṣa òkúta inú ìrẹsì yín. Ẹ̀bá títì lẹ ń sá a sí, ibẹ̀ ni òkúta ti ń wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì sá a sórí sìmẹ́ńtì gbígbóná lọ́sàn-án gangan, inú hóró á sán. Bó bá kan ẹ̀rọ, ó di wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi oòrùn àárọ̀ gbà á, ẹ kó o síbòòji, kí omi ara rẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 14%. Kílò 100 eléèpo yẹ kó fún yín ní 60 sí 65.

Akàwé Bodè: Òótọ́ ni màmá sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dun àgbẹ̀ jù ni ti 2024: owó bodè 0% lórí ìrẹsì pupa, láti 15 oṣù keje dé ìparí ọdún. Wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ lọ́hùn-ún, dídán nìkan ló kù. Oṣù kẹwàá sí kejìlá ni ìkórè wa sì bọ́ sí.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀: Ẹ ṣeun! Kí wọ́n ṣí i lóṣù karùn-ún nígbà tí abà gbẹ, kí 70% padà kí dòjé tó wọ oko.

Ọmọ Ìdí-Ìrókò: Ìlànà owó bodè 0% ti ọdún yẹn, oṣù kẹjọ ló tó jáde. Ẹni tó bá ka ìwé lóṣù kẹjọ, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọkọ̀ ní Íńdíà, oṣù wo ló máa gúnlẹ̀?