Ẹ Dá Ọmọ Náà Padà sí Kíláàsì

Ìpinnu tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní ọ́tísíìmù, tí ilé-ìwé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní kó lọ jókòó sílé kò tọ́, a ò sì ní fi òyìnbó bò ó. Ọ́tísíìmù ni kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, nínú bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bí ariwo ṣe ń rí lára rẹ̀. Wọ́n ní kó má tíì padà, ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ta ni yóò bá a mú ara rẹ̀ balẹ̀? Níbo? Ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa kò dáhùn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ dìde.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ọmọ náà figbe ta, pé ó fọwọ́ di etí, pé ó sá jáde nígbà tí wọ́n lu agogo. Orúkọ tí wọ́n sọ ìwà yẹn la ń bá wọn jà lé lórí. Wọ́n ní agídí ni. Agídí kọ́, ìpayà ni. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn jọ lọ́dún 2011 fi hàn pé nǹkan bí 40 nínú 100 ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló tún ní àìsàn ìpayà kan tàbí òmíràn lọ́tọ̀. Ẹgba kì í wo irú rẹ̀.

Ìtọ́jú wà fún un. Èyí ni ìwé ìròyìn yìí ti ń wí láti ìgbà pípẹ́. CBT (cognitive behavioural therapy) ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò yí èrò àti ìṣe ẹni padà. Kò gba abẹ́rẹ́, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló gbà, àti àsìkò, àti òbí tó ṣe tán láti jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ á kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bọ̀, bí àyà bá ti ń lù kìkì tí ọwọ́ sì ń gbọ̀n. Á kọ́ láti yẹ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un wò, bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni wọn á máa mú un sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ariwo ibẹ̀ ń pá láyà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọjà. Àwòrán ọjà ni yóò kọ́kọ́ wò nílé. Lọ́jọ́ mìíràn, òun àti ìyá rẹ̀ á dúró lókèèrè fún ìṣẹ́jú méjì, wọn á sì padà sílé. Tí ẹ̀rù yẹn bá ti rọlẹ̀, wọn á tún sún síwájú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ náà fẹ́ràn, ọkọ̀ ni olùtọ́jú á fi bá a díwọ̀n ẹ̀rù: ẹ̀rù kékeré dà bí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ẹ̀rù ńlá dà bí èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké. Àwòrán ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Àwa tó jẹ́ pé òwe la fi ń tọ́ ọmọ ní láti kíyè sí èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi òwe bò kì í tètè yé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára ọmọ 167 tó wà láàárín ọdún 7 sí 13, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2020. Àwọn tó gba CBT ṣe dáadáa ju àwọn tí kò gbà á lọ, èyí tí wọ́n sì tún ṣe láti bá ọ́tísíìmù mu ló ṣiṣẹ́ jù. Kò wo ọ́tísíìmù sàn o. Ẹni tó bá ń ta oògùn fún yín pé òun lè wò ó sàn, owó yín ló ń wá. Kò sì bá gbogbo ọmọ mu. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ nílò ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni ìtọ́jú náà gbà nínú ìwádìí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Yábàá ni wọ́n ń darí àwọn òbí tó wá bá wa sí. Ìgbà mẹ́rìndínlógún láti Ẹ̀pẹ́ dé Yábàá, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah, pẹ̀lú ọmọ tí hóònù mọ́tò ń da jìnnìjìnnì bò! Ìyá wo ló fẹ́ ṣe é, tí kò ní pàdánù iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ ọ̀hún?

Ó sú wa. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹni àkàndá láti ọdún 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní ẹni àkàndá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ẹ̀tanú, kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Òfin ìlera ọpọlọ tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kí ni ìgbìmọ̀ tún fẹ́ lọ wá?

Ẹ rán olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ yìí wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó wà níbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí olùkọ́ rẹ̀ máa sọ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó lu agogo, kí ó lè bọ́ síta bó bá fẹ́. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀, kò sì gba ìgbìmọ̀.