Ẹnì kan ló mutí, gbogbo ilé ló ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n

Wọ́n tún ti sún òfin tó de ọtí inú ọ̀rá síwájú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, dáwọ́ dúró ná lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ló kù nígbà náà kí gbèdéke tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ fi lélẹ̀ pé. Oṣù Kọkànlá ọdún náà gan-an ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fẹnu kò pé àfikún ọjọ́ kankan kò sí mọ́. Ó wá di pé àfikún wà, àfikún tí kò tiẹ̀ ní ọjọ́ lórí.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún náà lórí ìka. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ ètò ìlera, NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe ọtí jókòó pọ̀, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé kí oṣù Kìíní ọdún 2024 tó parí, ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó mìlílítà 200 yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún ara wọn. Nígbà tó pé, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá, àwọn òṣìṣẹ́ gbé pátákó jáde, àwọn aṣojú-ṣòfin dá sí i, ọjọ́ sì sún di ìparí 2025. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé yẹn ti wà ní praimárì báyìí. Ó ti lè ka orúkọ tó wà lára ọ̀rá náà. Bóyá òun gan-an ni bàbá rẹ̀ ń rán lọ rà á.

Gbogbo ìgbà tí awuyewuye yìí bá dìde ni a máa ń gbọ́ ohùn méjì. Àwọn onílé-iṣẹ́ á ní iṣẹ́ àwọn èèyàn tó lé ní 500,000 ló fẹ́ bọ́. NAFDAC á ní ọmọ kékeré ń fi sínú báàgì ilé ìwé, awakọ̀ ń gbé e mì kó tó di sítíárìn mú. A kò sọ pé ìhà méjèèjì ń parọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò sí nínú ìpàdé kankan láti 2018, tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé pè: ẹni tó ń bá ọ̀mùtí gbé.

Ẹ wo ilé ọ̀mùtí ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó. Etí gbogbo wọn wà ní géètì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ̀, látinú bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wọ́ sálúbàtà bọ̀ nínú ọgbà, bóyá alẹ́ òní yóò rọ̀ tàbí yóò le. Bó bá ń kọrin, wọ́n lè sùn. Bó bá dákẹ́, kí oníkálukú tètè paná. Ìyá ti fi owó oúnjẹ pamọ́ sínú ike gààrí, ó sì sùn tòun ti aṣọ òde lọ́rùn, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò ní láti gbé àbíkẹ́yìn sá lọ sílé aládùúgbò. Àkọ́bí, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ló ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá, òun ló ń nu èébì, òun náà ni yóò parọ́ fún onílé láàárọ̀ pé ibà ló ń ṣe bàbá àwọn. Ẹ má sì rò pé bàbá yìí ń lù wọ́n o. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí. Ìdúródè yẹn nìkan ti tó láti mú èèyàn gbẹ.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ nìkan. Ìyá arúgbó wà tó ti ta ilẹ̀ tó jogún nítorí gbèsè ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó wà tó ń fi páràgà pa ìrònú, tí ọkọ ń dá tọ́ ọmọ nídàákẹ́jẹ́, tí kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ nítorí wọn á ní ṣé òun kì í ṣe ọkùnrin ni.

Ara kì í gbàgbé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ á na ọmọ tó ń tòògbé ní kíláàsì. Nọ́ọ̀sì á fún ìyá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìbéèrè ohun tó ń lé oorun lójú rẹ̀. Ọmọ náà á dàgbà, á níyàwó, á níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, síbẹ̀ bí géètì bá dún lálẹ́, àyà rẹ̀ á já. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìbéèrè mẹ́wàá kan tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá ọtí ti ń ba ayé ẹni jẹ́. Ìkẹsàn-án béèrè bóyá ìwọ tàbí ẹlòmíràn ti farapa rí nítorí ọtí tí o mu. Ìkẹwàá béèrè bóyá mọ̀lẹ́bí, ọ̀rẹ́ tàbí oníṣègùn ti ní kí o dín in kù. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ìròyìn àjọ yìí kan náà tó jáde ní 2024 ní èèyàn mílíọ̀nù 2.6 ni ọtí pa lágbàáyé ní ọdún 2019. Àwọn tó ṣì wà láàyè nínú ilé wọn kò sí nínú òǹkà yẹn.

Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Nínú ìtàn tí wọ́n ń pa nípa Ọbàtálá, òun ló mu ẹmu nídìí iṣẹ́, àwọn tó ń mọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé àmì rẹ̀ wá sáyé. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, tó rí i pé ẹlòmíràn ló ń san gbèsè ọtí tí òun mu, ó sọ ẹmu di èèwọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í fẹnu kàn án títí dòní. Òrìṣà kò tọrọ àfikún ọjọ́.

Kí ni àwa fúnra wa ń sọ fún ará ilé ọ̀mùtí? Ní sùúrù, nítorí ọmọ. Ogun ìdílé ọkọ rẹ ni, lọ gbààwẹ̀. Bí o bá ń ṣe dáadáa sí i, ṣé á máa jókòó ti ìyá oníparaga ni? A kò bá àdúrà jà, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ti sọ irú èyí fún lẹ́ẹ̀mẹta kò ní í sọ̀rọ̀ nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ẹbí mìíràn a tiẹ̀ ti ọ̀mùtí mọ́lé lọ́jọ́ mélòó kan kí ọtí lè dá lójú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bó bá já a lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí, wárápá lè gbé e, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn la ti ń ṣe é. Inú yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ni wárápá ti máa ń gbé e, wọ́n á wá ní ẹ ò rí i, a ti sọ pé ogun ni.

Èyí ló mú wa dé orí ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ tipẹ́, tí a ó sì tún sọ lónìí: ẹ fún ará ilé ọ̀mùtí ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí ìyàwó bá lọ sọ ẹjọ́ ọtí ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n á ní kó mú ọkọ náà wá. Ọkọ ní òun kò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyẹn ni pé títí ọ̀mùtí yóò fi gbà pé òun ń mutí, gbogbo àwọn tó yí i ká kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Ta ló fi irú ètò bẹ́ẹ̀ lélẹ̀?

Nílẹ̀ wa níbí, a mọ̀ ọ́n ṣe ju báyìí lọ rí. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Kò fẹ́ kí aláìsàn dá wá. Mọ̀lẹ́bí kan ni yóò bá a wá, wọn á jọ gbé láwọn abúlé àyíká ibẹ̀, mọ̀lẹ́bí á máa dáná, á máa bá a lọ síbi ìtọ́jú. Lambo mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ kì í gbé orí ẹnì kan ṣoṣo. Aro kò ti ojúlé, ó sì ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Aro kan ò lè gba gbogbo ìdílé tó wà láti Ṣakí dé Òkìtìpupa. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí ààrẹ àná, olóògbé Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tó lé òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, ó ti fẹ́ẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ẹ wá fi ilé ìwòsàn alábọ́dé kan hàn wá, ẹyọ kan péré, tí wọ́n ti kọ́ nọ́ọ̀sì láti béèrè lọ́wọ́ ìyá tí oorun kò kùn pé, "Ìyá, ta ló ń mutí nílé yín?"

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún wa ni ìlanilọ́yẹ̀. A ti rí fìlà ìlanilọ́yẹ̀. A ti rí ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí láyà. A ti rí bánà, a ti rí kọmíṣọ́nnà tó rin ìrìn ẹsẹ̀ bí ogún, tí wọ́n yà á ní fọ́tò, tó padà sínú mọ́tò. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bó bá jẹ́ irú ìrìn yẹn lẹ tún fẹ́ rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé. Ìyàwó ọ̀mùtí kò nílò ẹni tí yóò là á lọ́yẹ̀ pé ọtí burú. Òun ni kó wá là yín lọ́yẹ̀.

Àwọn kan á ní bí ọtí inú ọ̀rá bá lọ, ọtí inú ìgò ṣì wà. Òótọ́ ni. Òyìnbó fòfin de ògógóró títí, ògógóró kò kú. A kò sọ pé òfin yìí yóò gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ọ̀rá yàtọ̀ sí ìgò nínú ilé. Ìgò ń ṣe ìró, ó ń gbàyè, ìyàwó lè rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó sì mọ bó ṣe kù sí. Ọ̀rá kékeré tí kò ju mìlílítà 30 lọ ń wọ àpò àyà, ó ń wọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó ń wọ àárín ewé Bíbélì. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì. Èèyàn lè gbé mẹ́ta mì kó tó fọ eyín láàárọ̀, kó sì búra fún ìyá rẹ̀ pé ẹnu òun mọ́. Ará ilé kò lè ka iye tó mu, wọn kò sì lè gbà á gbọ́ mọ́, ìgbà tí ìgbàgbọ́ bá sì ti kúrò nínú ilé, kí ló kù níbẹ̀? Ní ti iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, torí tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe fún àwọn onílé-iṣẹ́ ní ọdún márùn-ún, tí wọ́n tún fi nǹkan bí ọdún méjì kún un, kí wọ́n lè yí ẹ̀rọ padà sí ìgò ńlá. Tanzania fòfin dè é ní 2017, Uganda ní 2019. Ẹni tó lo ọdún méje láìyí ẹ̀rọ padà, àánú òṣìṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe é. Ó mọ ìjọba tó ń bá lò ni.

Nítorí náà, kí ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ fa àṣẹ yẹn padà, tàbí kó sọ ọjọ́ kan fún wa, ọjọ́ tó ní nọ́ńbà. Kí wọ́n yọ nínú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọtí, kí wọ́n fi dá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé lẹ́kọ̀ọ́, kí yàrá kan sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ìyàwó, ìyá tàbí ọmọ ọ̀mùtí lè wọ̀ láìmú ọ̀mùtí dání. Àwọn gómìnà wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò Àbújá kí wọ́n tó ṣe ìyẹn.

Ẹ wo ilé wa nígbà tí ọdún bá ti dé tán. Àwọn ará Èkó àti ará London ti ń wọlé, páálí ọtí ti ń gòkè lórí ara wọn ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láwọn ilé kan àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.  Ẹni tó kọ àṣẹ ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá yẹn lè kọ òmíràn. Bírò náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.