Koríko tó gbẹ kò tíì kú: ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni àsìkò fọ́tò

Láàárín àwa tí à ń fi fọ́tò jẹun ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti gbà láìbéèrè: pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ dé, kò sí nǹkan tí èèyàn lè yà nínú igbó mọ́. Òdòdó ti rẹ̀, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti di eruku. Kí oníkámẹ́rà máa bá yìgì àti wólímà lọ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ọdún mélòó kan, láti oṣù kọkànlá ni mo ti máa ń kó kámẹ́rà mi kúrò ní pápá. Irọ́ ni.

Ojú òdòdó la fi ń wo ewéko. Bẹ́ẹ̀, nítorí hóró ni òdòdó ṣe tanná. Àkókò tí a ń pe koríko ní òkú yẹn gan-an ló ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ìrìnàjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló sì dúró dè, torí irun tó ń gbé hóró fò kì í tú dáadáa nínú ọ̀rinrin. Omi ń mú un lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń ṣí i.

Ẹ wo bomubomu. Ta ló dàgbà ní Ìlọrin tí kò mọ̀ ọ́n? Omi ara rẹ̀ ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì. Ẹ̀bá ọ̀nà àti ààtàn ló ń hù sí, a kàn ń kọjá lára rẹ̀ ni. Èso rẹ̀ wú bíi pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Bó bá gbẹ, á là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni kí ẹ kúnlẹ̀ sí. Àwọn hóró pẹlẹbẹ tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìdì irun funfun kan mú, irun tó ń dán ju òwú lọ, wọ́n sì ń tú síta díẹ̀díẹ̀. Mo lo bíi wákàtí méjì nídìí ẹyọ èso kan nítòsí Ìdọ̀fián. Bàbá àgbẹ̀ kan dúró tì mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Hóró bomubomu ni mò ń yà." Mo fi ojú kámẹ́rà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. "Èyí tí à ń gé dànù yìí náà?" Inú mi dùn ju bí wọ́n ṣe ń sanwó fún mi lóde ìyàwó lọ. (Ẹ ṣọ́ra fún oje funfun rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ojú.)

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó já hóró eruwà kan. Irun gígùn kan wà lórí rẹ̀ tó lọ́ bí okùn, tó sì tẹ̀ láàárín bí orúnkún. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ kán omi sí i. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀, apá tó tẹ̀ yẹn á máa yí bí ọwọ́ aago. Bó bá tún gbẹ, á lọ́ padà. Báyìí ni ìrì àti oòrùn ṣe ń yí i títí á fi há sínú ilẹ̀, tí á dúró de òjò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ara mi bù máṣọ. Fídíò ni mo ṣe, fọ́tò kò tó o.

Wọ́n tún máa ń ní ọyẹ́ ń ba fọ́tò jẹ́. Bó bá jẹ́ òkè Sóbì lẹ fẹ́ yà láti ọ̀nà jíjìn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ohun tó wà níwájú imú yín, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ó ń ṣe bíi kọ́tìnì funfun tí a ta sójú fèrèsé. Ẹ má lọ lọ́sàn-án. Bí aago méje àárọ̀ bá ti ń lù, kí ẹ kọjú sí oòrùn, kí koríko wà láàárín yín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bọ́ síbi òjìji tó dúdú. Gbogbo irun ara hóró á tàn yòò. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kù díẹ̀, kí funfun náà má baà fọ́ pátápátá. Ìdí mìíràn tí àárọ̀ fi dára ni pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ máa ń rọlẹ̀ lóru. Ìgbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná ni ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gan-an, nígbà náà kò sí hóró tí á dúró fún yín.

Ti kámẹ́rà olówó ńlá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Karl Blossfeldt, olùkọ́ kan ní Berlin, fi ohun tó lé ní 30 ọdún ya ewéko àti èso gbígbẹ, kámẹ́rà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń lò. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún kí ayé tó mọ̀ ọ́n ní 1928. Fóònù àti lẹ́ǹsì kékeré tí à ń há mọ́ ọn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ dúdú kan tí ẹ máa ta sẹ́yìn koríko wúlò ju lẹ́ǹsì kejì lọ.

Ẹ wá abẹ́rẹ́ olóko, kí ẹ wo ìkọ́ tó fi ń mú ṣòkòtò yín. Ẹ wá ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Nínú ọyẹ́ ni orí rẹ̀ ń tú. Ẹ wá ojú ológbò, pupa rẹ̀ àti dúdú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n májèlé ni, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu. Bí ẹ bá sì rí wèrèpè, ẹ takété. Ẹ yà á láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Iná ló ń lé mi níré báyìí. Kí oṣù kìíní tó parí, wọ́n á ti máa dáná sun pápá, màjàlà á sì máa já bọ́ sí àgbàlá wa. Bí ibi tí ẹ máa ń lọ bá jóná, ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èkan á ti yọ láàárín eérú, torí iná gan-an ló ń ta á jí láti tanná. Orí funfun lórí ilẹ̀ dúdú, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Sátidé ni mò ń lọ.