Àṣìṣe ìjọba kò sọ owó di tẹni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ ní Bárígà, tí mo gbọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí mo tún gbọ́ nínú dánfó tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò: "Owó ìjọba tó bá ti lè wọ àkáǹtì ẹ, ó parí nìyẹn. Àwọn ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ìwọ." Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù, mi ò sì bá wọn wí. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì sin ìjọba, tó tún tò sórí ìlà nínú oòrùn kó tó rí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ gbà, bí nǹkan bá ṣèèṣì lé sí i lọ́jọ́ kan, ta ló máa kojú ẹ̀ pé kó lọ dá a padà?

Òfin ni. Ọ̀rọ̀ inú dánfó yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti kó àwọn tó gbà á gbọ́ sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì Bárígà. Lẹ́tà kan dé bá wọn láti ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn (mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà). Lẹ́tà yẹn ní odidi oṣù mẹ́tàdínlógún ni 62,000 náírà fi ń wọlé fún Dádì dípò 41,000, nítorí náà, kí wọ́n dá 357,000 náírà padà láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Dádì kà á, wọ́n ká a, wọ́n ti í sábẹ́ Bíbélì. Kí n tó débẹ̀, àdúgbò ti gbà wọ́n nímọ̀ràn tán. Ẹnìkan ní kí wọ́n dákẹ́, pé ìjọba á gbàgbé. Òmíràn ní kí wọ́n sáré lọ yọ gbogbo owó tó wà ní báńkì. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé ní Ọlọ́run kì í fúnni ní nǹkan tán kó tún gbà á.

Kí ló dé tí àṣìṣe wọn ò fi sọ owó náà di ti Dádì? Ìlànà tí àwọn kóòtù wa jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tó sanwó nítorí pé ó ṣi nǹkan mọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó ẹ̀ padà. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1841. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan sanwó fún opó, wọ́n ti gbàgbé pé ọkọ ẹ̀ kò san owó tó yẹ kó san kẹ́yìn kó tó kú. Ìwé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn o, wọn ò kàn wò ó ni. Àwọn adájọ́ ní àìbìkítà ẹni tó sanwó nìkan kò tó láti pa ẹ̀tọ́ ẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn ló ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù máa bèèrè ni pé: ṣé owó yín ni?

Àyè díẹ̀ wà fún ẹni tí kò mọ̀ rárá pé owó lé, tó sì ti fi ọkàn kan ná an sórí ohun tí kì bá tí dáwọ́ lé ká ní owó náà ò lé. Ìyẹn lè rí nǹkan rò níwájú adájọ́. Àmọ́ kí owó ìfẹ̀yìntì ẹni fi bí ìdajì lé lójijì, kéèyàn wá ní òun ò fura? Dádì tiẹ̀ ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rù ìjọba ti ń ṣìnà náà rèé, tiwọn sì lè burú ju ti àwọn aláìbìkítà lọ: wọ́n rò pé iye tó wà nínú lẹ́tà ti di àṣẹ. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Gbèsè lè jẹ́ òótọ́, kí iye ẹ̀ jẹ́ irọ́.

Mo ní kí Dádì gba sítétímẹ́ǹtì ní báńkì. Alẹ́ Sátidé la jókòó tì í ní fàráńdà, wọ́n ti mú iná lọ, mo fi fóònù tan ìmọ́lẹ̀ sí i, Dádì di báírò pupa mú. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí mo bá pè, wọ́n á ka iye tó wọlé bí àwọn àgbà ṣe ń kà á. "Ọ̀kẹ́ méjì ó lé ẹgbẹ̀rún kan." Oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Oṣù mẹ́fà gbáko tó ṣáájú nínú mẹ́tàdínlógún yẹn, 41,000 géérégé ló ń wọlé. Ìgbà tó di oṣù keje ni Dádì tó pariwo "ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹgbàá!" bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó ku oṣù mọ́kànlá. Ìgbà tá a tún wò ó dáadáa, owó ọ̀kan nínú oṣù mọ́kànlá yẹn wọlé lónìí, báńkì gbà á padà lọ́la, kò sì sí ẹyọ náírà kan tó rọ́pò ẹ̀. Lóṣù yẹn, Dádì ò gba nǹkan kan rárá.

Nítorí náà, oṣù mẹ́wàá ni owó fi lé, 21,000 lóṣooṣù. 210,000 nìyẹn. Ọ́fíìsì náà sì jẹ Dádì ní 41,000 ti oṣù tí owó ò wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 169,000 náírà, kò tó ìdajì ohun tó wà nínú lẹ́tà.

A kọ̀wé. A ní kí ọ́fíìsì fi ìṣirò ẹ̀ hàn wá lóṣooṣù, a so sítétímẹ́ǹtì mọ́ ọn, a sì ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa. Ẹ má fi òǹtẹ̀ yẹn ṣeré. Ìgbà kejì tá a débẹ̀, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan gbà. Ìgbà tá a fa ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yọ, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú fáìlì. Ìgbà kẹta ni wọ́n gbà pé 169,000 ni, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ 13,000 lóṣù. Wọ́n gbà. Oṣù mẹ́tàlá.

Kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló máa gbà bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Àwọn kan á kàn dá owó ìfẹ̀yìntì dúró pátápátá. Fún irú wọn, abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, àti abala 173, fún ti ìjọba àpapọ̀, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì ẹni dúró tàbí kí wọ́n dín in kù àyàfi níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì, National Industrial Court ló ń gbọ́ ọ, ó wà ní Ìkòyí níbí. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Office of the Public Defender tàbí Citizens' Mediation Centre, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́, ní owó tí wọ́n san lé láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tí wọ́n rí àṣìṣe náà nìkan ni agbanisíṣẹ́ lè yọ nínú owó oṣù, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Àmọ́ òfin yẹn ò kan àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì, kò sì kan òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. A kàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ṣe àwòṣe nínú lẹ́tà wa ni.

Àwọn tó dúró sẹ́nu iṣẹ́ kọjá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fẹ̀yìn tì tún wà, nítorí ọjọ́ orí ilé yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ọ́fíìsì. Inú owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ti máa ń yọ owó oṣù àjẹlé yẹn. Ẹ wo fáìlì yín kó tó di ọjọ́ yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ tó ń fi káàdì ATM bàbá tó ti kú gbowó. Wọ́n ní owó bàbá àwọn ni. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san lóṣooṣù dópin lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín kú, èyí tí wọ́n bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi káàdì ẹ̀ gbà lẹ́yìn náà lè dẹjọ́ ọ̀daràn, torí níbí, àwọn ọmọ ò lè ní àṣìṣe ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé, lábẹ́ ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ (èyí tí ìjọba fúnra ẹ̀ ń san owó náà), bí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì bá kú kó tó pé ọdún márùn-ún tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹbí ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọdún tó kù. Ẹlòmíì ń jí owó tó jẹ́ pé, bó bá lọ sọ pé bàbá ti kú, wọ́n á kà á fún un.

Bí lẹ́tà tàbí ìpè kan bá sì ní kẹ́ ẹ san owó náà sínú àkáǹtì ẹnì kan, gbájúẹ̀ ni. Àpò ìjọba fúnra ẹ̀ ni owó ìjọba ń padà sí. Kò sí akọ̀wé tí wọ́n ń san owó ìjọba sí àpò ẹ̀.

Oṣù kẹjọ nìyí. Álàátì Dádì wọlé lánàá, 28,000. Wọ́n fa ìwé aláwọ̀ búlúù kan yọ lábẹ́ Bíbélì, wọ́n fa ìlà sí 78,000, wọ́n kọ 65,000 sábẹ́ ẹ̀, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Síbẹ̀náà, àwọn ló ṣàṣìṣe o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."