Ta Ló Ní Ọlọ́pàá Lè Tú Fóònù Ẹ ní Pápákọ̀ Òfurufú?

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọkùnrin kan ní Táíwò, níbí ní Ìlọrin: "Bí o bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ọlọ́pàá lè tú gbogbo ara ẹ, títí dé fóònù. Òfin ni." Mo ní òfin wo? Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Àwọn tó ń ní kí o bọ́ bẹ́líìtì, kí o gbé báàgì sórí ẹ̀rọ, kì í ṣe ọlọ́pàá. Òṣìṣẹ́ FAAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n; AVSEC, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò pápákọ̀, là ń pè wọ́n. Ohun tó lè ṣe bàálù ní jàǹbá ni wọ́n ń wá: ìbọn, ọ̀bẹ, bọ́ǹbù. Bí o bá kọ̀, o ò ní wọ bàálù.

Ti ọlọ́pàá yàtọ̀. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní kó tó tú èèyàn tàbí ẹrù rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ tó fi fura sí i. Irun orí tàbí irú aṣọ tó wọ̀ kò tó ìdí. Fóònù wá ńkọ́? Abala 37 Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ Nàìjíríà, ó dáàbò bo àṣírí wọn. Abala 45 fàyè gba òfin tó lè dín in kù nítorí ààbò ìlú, mo gbà, àmọ́ òfin ló wí, kò sọ pé ohun tó bá ṣáà wu ọlọ́pàá. Àwọn ọ̀gá wọn fúnra wọn ti kéde léraléra pé kí wọ́n yé yẹ fóònù èèyàn wò lójú pópó. Àbí pápákọ̀ ò sí ní Nàìjíríà ni?

Ọlọ́pàá kan dá èmi náà dúró rí ní pápákọ̀ kan. "Alhaji, ẹ ṣí fóònù yín." Mo kí i dáadáa, mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fura sí? Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?" Ó wò mí títí, ó ní ṣé lọ́yà ni mí. Mo ní kápẹ́ńtà ni mí. Ó ní kí n máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹni tí kò jalè kì í bẹ̀rù, ẹ kọ́kọ́ ṣí fóònù tiyín fún ìyàwó yín ná.

Agbára Kọ́sítọ́ọ̀mù àti NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́tọ̀ ní tiwọn, n kò jiyàn. Ẹni tó bá kó owó tó ju dọ́là 10,000 jáde nílùú gbọ́dọ̀ sọ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ sì sọ fún àwọn ìyá wa tó ń lọ Mẹ́kà pé bí ọlọ́pàá bá fẹ́ tú wọn lára, kí wọ́n ní kó pe obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá.